Eré pátákó ìtẹ́ Bohemia tó wà ní Tanke: ẹ rà á, àmọ́ ẹ yọ òfin kẹfà kúrò

Ẹni tó bá fẹ́ rí bí ìjòyè kan ṣe lè di ẹni tí ọba ń bẹ̀rù, kó ra eré pátákó ìtẹ́ Bohemia, ìjọba àtijọ́ kan ní ilẹ̀ Czech òde òní, tí ilé ìtàwé kan ń tà ní Tanke, Ìlọrin. ₦9,000 ni. Ẹni mẹ́rin ló ń ṣe é, ó sì máa ń gbà tó wákàtí méjì. Eré gidi ni, òfin kan péré ló ba ìtàn inú rẹ̀ jẹ́.

Ẹ tẹ́ pátákó, ẹ pín owó fàdákà 10 fún ẹnì kọ̀ọ̀kan, kí ẹ wá ṣí káàdì Olomouc. Ibẹ̀ náà ni ìjà ti bẹ̀rẹ̀ lóòótọ́: ní August 4, 1306, wọ́n pa Václav Kẹta, ọba Bohemia, ní Olomouc. Ọmọ ọdún 16 ni, kò ní àrólé, ìran Přemysl tó ń jọba níbẹ̀ sì tán síbẹ̀ níhà ọkùnrin. Rudolf ti Habsburg gorí ìtẹ́, àìsàn pa á ní July 1307 níbi tó dó ti Horažďovice. Jindřich ti Carinthia, ọkọ Anna àbúrò ọba tí wọ́n pa, ló gba ìtẹ́ náà.

Ipò tí gbogbo ènìyàn máa ń dù ni ti ìjòyè Bohemia kan, Jindřich ti Lipá. Kò ní adé, ìbò ìjòyè ló ní, káàdì mẹ́rin. Káàdì 1309 rẹ̀ ni wọ́n ṣe dáadáa jù: àwọn olówó Kutná Hora, ìlú ihò fàdákà, mú un ní Sedlec, torí àwọn náà fẹ́ dá sí ọ̀rọ̀ ìlú, ẹni tó wà nípò Lipá á sì fo ìgbà méjì. Lọ́dún 1310, Lipá àtàwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ kẹ̀yìn sí Jindřich ti Carinthia, wọ́n fa Jan ti Luxembourg kalẹ̀, ọmọ ọdún 14, òun ló sì fẹ́ Eliška, àbúrò Anna.

Òfin kẹfà wá ní bí Lipá bá ní fàdákà 40, kó gbé adé lé ara rẹ̀ lórí. Rárá o! Afọbajẹ kì í du oyè tó ń fi ẹlòmíràn jẹ. Ní 1315, Jan tì í mọ́lé ní ilé olódi Týřov, àwọn ìjòyè dìde, ọba sì ní láti tú u sílẹ̀ ní 1316. Ní 1318, ní Domažlice, Jan gbà láti bá àwọn ìjòyè parí ìjà. Agbára Lipá nìyẹn. Ohun tó bá a mu ni pé kó borí bí ọba tó wà lórí ìtẹ́ nígbà kejìlá bá ti fún un ní káàdì oyè méjì.

Fàdákà 3 tí Kutná Hora ń mú wá kéré púpọ̀, ẹ sọ ọ́ di 5. Ihò fàdákà ibẹ̀ ló ń bọ́ ìjọba, láti 1300 sì ni wọ́n ti ń rọ owó groschen níbẹ̀. Lórí àwòrán ilẹ̀, wọ́n fi Brno sí Bohemia. Moravia, ilẹ̀ tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ló wà.

Ẹ̀gbẹ́ kan ṣoṣo ni wọ́n lẹ bébà mọ́ lára pátákó, nítorí náà ọyẹ́ máa ń ká a. Ẹ fi ìwé tó wúwo tẹ̀ ẹ́ mọ́jú. Yíǹkì káàdì náà máa ń lẹ̀ mọ́ ọwọ́ tó bá làágùn.

Kí ẹ tó sanwó, ẹ ka káàdì: 60 ló yẹ kó pé. Ẹ wo káàdì Týřov dáadáa. Bí kò bá sí níbẹ̀, kò síbi tí wọ́n máa ti Lipá mọ́, eré á dúró láàárín ọ̀nà. Ẹ ní kí wọ́n pààrọ̀ rẹ̀ lójú ẹsẹ̀.