Ìkìlọ̀ fún ẹ̀yin tó ń ra kíìtì preamp: ẹ má tíì tan áyọ́ọ̀nù ìjólẹ́ẹ̀dì

Ẹ̀yin tí ẹ ń ra kíìtì preamp (ẹ̀rọ tó ń gbé ohùn tí kò lágbára sókè kó tó dé ampù) láti tò ó fúnra yín, ẹ ṣọ́ra fún jìbìtì kan tó ti wọ́pọ̀. Olùtajà á kọ ọ́ sára ọjà pé IC NE5532 tàbí OPA2134, ègé dúdú ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́jọ tó ń gbé ohùn sókè, ló wà nínú kíìtì òun. Ẹrù á dé, ẹ ó sì bá orúkọ yẹn gan-an lórí IC, àmọ́ ohun tó wà nínú rẹ̀ kì í ṣe òun. IC mìíràn ni, 4558 tàbí LM358, tí wọ́n ha orúkọ rẹ̀ kúrò, tí wọ́n fi ọ̀dà dúdú bò ó, tí wọ́n wá tẹ orúkọ olórúkọ lé e lórí. Ẹni tó rà á á ti fi lẹ́ẹ̀dì (irin rírọ̀ tó ń yọ́) jó gbogbo rẹ̀ mọ́ bọ́ọ̀dù tán kó tó fura, ibẹ̀ gan-an sì ni olùtajà ń dúró sí dè é: "Ẹ ti fi lẹ́ẹ̀dì kàn án, ẹ̀yin lẹ bà á jẹ́, a kì í gba irú ẹ̀ padà." Kò sí ẹ̀rí kankan lọ́wọ́ yín mọ́ nìyẹn. Gbogbo àyẹ̀wò IC tí a máa kọ sísàlẹ̀ yìí, kí áyọ́ọ̀nù tó gbóná ni kí ẹ ti ṣe é.

Ohun tó jẹ́ kí ayédèrú yìí máa rìn ni pé bákan náà ni ẹsẹ̀ gbogbo àwọn IC yìí ṣe tò. Ẹsẹ̀ 8 ni pọ́sítíìfù, ẹsẹ̀ 4 ni nẹ́gátíìfù, ẹsẹ̀ 1 àti 7 ni ohùn ti ń jáde. Ẹ ki 4558 bọ sọ́kẹ́ẹ̀tì NE5532, orin á jáde. Ká má purọ́ mọ́ 4558, kì í ṣe IC burúkú, ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ gìtá ló ń lò ó. Pé wọ́n ń fi orúkọ ẹlòmíràn tà á ló burú. NE5532 lè yára gbé ohùn lọ sókè tó 9 V láàárín 1 µs (ìdá kan nínú mílíọ̀nù ìṣẹ́jú àáyá), 4558 kì í sábà ju 1 sí 2 V lọ, LM358 kò sì ju bíi ìdajì V. LM358 tún ní àléébù kan tí etí ń gbọ́: bí ìgbì bá ti ń kọjá látorí pọ́sítíìfù sí nẹ́gátíìfù, ó máa ń já díẹ̀, ìyẹn ló ń jẹ́ kí orin tó rọlẹ̀ máa dún gbẹ́rẹgbẹ̀rẹ.

Ojú ni kí ẹ kọ́kọ́ lò. Ẹ gbé IC sábẹ́ iná, kí ẹ yí i síhìn-ín sọ́hùn-ún. Bí ẹ bá rí ìlà ìhá wẹ́wẹ́ tó kọjú sí ọ̀nà kan náà, tàbí tí orí IC ń dán yàtọ̀ sí ikùn rẹ̀, tàbí tí ihò kékeré tó ń tọ́ka sí ẹsẹ̀ 1 ti fẹ́rẹ̀ẹ́ kún fún ọ̀dà, ẹ fura. Ẹ tún fi IC méjì inú kíìtì kan náà wéra: bí nọ́ńbà ara wọn bá dọ́gba, ṣùgbọ́n tí ihò orí wọn tóbi ju ara wọn lọ, inú àpò kan náà kọ́ ni wọ́n ti jáde. Lẹ́yìn èyí, ẹ rẹ òwú sínú acetone (irú ohun tí wọ́n fi ń pa ọ̀dà èékánná rẹ́), kí fèrèsé wà ní ṣíṣí, kí iná má sì sí nítòsí, kí ẹ wá fi nu orí IC náà dáadáa. Bí òwú bá dúdú, tí ìlà ìhá sì yọ lábẹ́ rẹ̀, ọ̀rọ̀ ti tán. Ẹ má kàn ka pé lẹ́tà parẹ́ sí ẹ̀rí o, torí IC ojúlówó tí wọ́n fi íńkì tẹ orúkọ sí lára náà lè pàdánù lẹ́tà rẹ̀. Àwọ̀ dúdú tó ń bọ́ ni kí ẹ máa wá. Àwọn oníjìbìtì tó mọṣẹ́ sì ti ń lo ọ̀dà tí acetone kò lè ṣí, nítorí náà mítà ló kù.

Ti NE5532 ló rọrùn jù. Nínú rẹ̀, diode méjì (ohun tó ń jẹ́ kí iná gba ọ̀nà kan ṣoṣo) ló kọjú sí ọ̀nà òdìkejì ara wọn láàárín ẹsẹ̀ 2 àti 3, méjì mìíràn wà láàárín 5 àti 6. Ẹ gbé mítà sí ojú ibi tí wọ́n fi ń wọn diode, kí ẹ fi pupa kan ẹsẹ̀ 2, kí dúdú kan ẹsẹ̀ 3, kí ẹ sì pààrọ̀ wọn. Ojúlówó á fún yín ní nǹkan bíi 0.6 sí 0.7 V ní ọ̀nà méjèèjì. 4558, LM358 àti TL072 (IC mìíràn tí wọ́n tún ń fi ṣe ayédèrú) kò ní diode yìí, wọn kò lè fi 0.6 sí 0.7 V yìí hàn yín ní àlọ àti àbọ̀. Àyẹ̀wò yìí kò gbà ju ìṣẹ́jú kan, kò sì sí ìdí kankan tí ẹnikẹ́ni fi gbọ́dọ̀ fò ó.

OPA2134 kò ní irú diode bẹ́ẹ̀, ọ̀nà mìíràn la fi ń mú un. Ẹ wá bátìrì 9 V méjì, kí ẹ so wọ́n pọ̀ kí àárín wọn di ground (ojú òdo iná). Lórí bọ́ọ̀dù ìdánwò tí kò nílò lẹ́ẹ̀dì, ẹ so ẹsẹ̀ 1 mọ́ 2, kí ẹ so 7 mọ́ 6, kí ẹ fi ẹsẹ̀ 5 kan ground, kí ẹ sì fi resistor (ohun tó ń dín iná kù) 1 MΩ so ẹsẹ̀ 3 mọ́ ground. Ẹ fi kapásítọ̀ (ohun tó ń tọ́jú iná) 100 nF sáàárín ẹsẹ̀ 8 àti 4 kí IC má bàa máa gbọ̀n, ìyẹn kó má bàa máa dá ìgbì sílẹ̀ fúnra rẹ̀. Nǹkan méjì lẹ máa wọ̀n. Èkíní ni iná tó ń gba ẹsẹ̀ 8 wọlé: NE5532 àti OPA2134 sábà máa ń jẹ láàárín 6 sí 10 mA, 4558 láàárín 2 sí 5, TL072 bíi 3, LM358 kì í sì í tó 2. Èkejì ni fóòtì DC tó wà lẹ́sẹ̀ 1. OPA2134 kì í fa iná gba ẹsẹ̀ 3 tó ohun tí mítà lè rí, nítorí náà mV kan tàbí méjì péré lẹ máa bá níbẹ̀. NE5532 ń fa bíi 200 nA, èyí tó di nǹkan bíi 200 mV lórí 1 MΩ, 4558 náà á sì fi ohun tó ju 10 mV lọ dáadáa hàn.

Ẹ pa àbájáde méjèèjì pọ̀. Bí orúkọ bá jẹ́ OPA2134, tí fóòtì ẹsẹ̀ 1 kéré bó ṣe yẹ, ṣùgbọ́n tí IC kò jẹ ju 3 mA, àfàìmọ̀ kó má jẹ́ TL072 ni wọ́n wọ aṣọ fún. Bí fóòtì bá pọ̀, tí iná sì kéré, 4558 tàbí LM358 ni. Ẹni tó bá ní oscilloscope (ẹ̀rọ tó ń ya àwòrán ìgbì iná) lè fi èyí kún un: resistor 10 kΩ láti ibi tí ìgbì ti ń bọ̀ sí ẹsẹ̀ 2, òmíràn láti ẹsẹ̀ 1 sí 2, ẹsẹ̀ 3 sí ground, ìgbì onígun mẹ́rin 10 kHz tó ń lọ láti −5 V sí +5 V. NE5532 á gun 10 V yẹn láàárín nǹkan bíi 1 µs. 4558 á lò tó 6 sí 10 µs, LM358 á sì fẹ́rẹ̀ẹ́ sọ onígun mẹ́rin náà di onígun mẹ́ta bí orí òkè.

OPA627 ní tirẹ̀ kò gba wàhálà tó bẹ́ẹ̀. Ampù kan ṣoṣo ló wà nínú rẹ̀. Bí IC kan péré tí wọ́n kọ 627 sí bá ń gbé ohùn apá òsì àti apá ọ̀tún pọ̀ nínú kíìtì yín, irọ́ ni, ẹ má wulẹ̀ mú mítà.

Jìbìtì kejì wà nínú ètò iná. Ọ̀pọ̀ olùtajà ń fi regulator 7815 àti 7915, tó ń mú kí iná dúró sórí +15 V àti −15 V, sínú kíìtì, wọ́n á sì kọ ọ́ pé kí ẹ fún un ní AC 12-0-12 (12 V ní ẹ̀gbẹ́ méjèèjì, òdo láàárín), torí tiransifọ́mà bẹ́ẹ̀ ló wà nílẹ̀ fún wọn láti tà. Ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀. 12 V AC ní ìlọ́po 1.414 jẹ́ nǹkan bíi 17 V. Diode á mú bíi 0.7 V, ó ku 16.3. 7815 sì ń fẹ́ kí iná tó ń wọlé fi bíi 2 V ju 15 lọ. Kò tó. Sípíkà á máa kùn, 100 Hz níbi tí iná ilé bá jẹ́ 50 Hz, 120 Hz níbi tó bá jẹ́ 60, olùtajà á sì ní wáyà yín ni kò dáa. Ohun tó ń tan èèyàn níbí ni pé tiransifọ́mà kékeré máa ń fi iye tó ga ju ti ara rẹ̀ hàn nígbà tí kò tíì gbé ẹrù kankan, mítà á ní gbogbo nǹkan dára. Ẹ wọ̀n ọ́n nígbà tí IC bá ń ṣiṣẹ́. Ẹ lo 15-0-15, tàbí kí ẹ pààrọ̀ regulator sí 7812 àti 7912. Bí ẹ bá mú 15-0-15, kapásítọ̀ tó wà níwájú regulator gbọ́dọ̀ jẹ́ 35 V. 25 V tí wọ́n máa ń kó sínú kíìtì ti sún mọ́ etí jù.

Ẹ tún yẹ bọ́ọ̀dù fúnra rẹ̀ wò. Bí ẹ bá kọjú sí ibi tí orúkọ wà, ẹsẹ̀ 7815 láti òsì ni iná wíwọlé, ground, iná jíjáde. Ti 7915 ni ground, iná wíwọlé, iná jíjáde. A ti rí bọ́ọ̀dù tí ọ̀nà àwọn méjèèjì rí bákan náà, èyí tó túmọ̀ sí pé ẹni tó yà á kò mọ̀ tàbí kò bìkítà. Irin ẹ̀yìn 7915 kì í ṣe ground, iná nẹ́gátíìfù tó ń wọlé ló wà níbẹ̀. Bí irin méjèèjì bá kanra lórí páànù ìtútù kan náà láìsí ohun tó là wọ́n, fúìsì á lọ.

Kapásítọ̀ ńkọ́? Aṣọ ńlá kọ́ lèèyàn ńlá. Àwọn kan ń fi kapásítọ̀ kékeré sínú agolo ńlá, wọ́n á wọ rọ́bà tí wọ́n kọ 2200 µF sí fún un. Ẹ wọ̀n ọ́n kí ẹ tó jó o: a máa ń gba 20% lókè tàbí nísàlẹ̀, nítorí náà èyí tí wọ́n kọ 1000 sí, tó wá ń fún yín ní 400, ẹ má gbà á. Ẹ gbé e lọ́wọ́ pẹ̀lú, èyí tó ṣófo nínú máa ń fúyẹ́ ju bó ṣe tóbi lọ.

Nọ́ọ̀bù fọ́líọ̀mù ni wọ́n tún fi ń rẹ́ wa jẹ. Fún preamp, irú A (tó ń gbé ohùn sókè díẹ̀díẹ̀ bí etí ṣe ń gbọ́ ọ) ló yẹ, wọ́n á fi irú B (tó ń pọ̀ sí i ní ìwọ̀n kan náà jálẹ̀) ránṣẹ́. Ẹ yí 50 kΩ sí àárín gbùngbùn, kí ẹ wọ̀n láti ẹsẹ̀ àárín sí ẹsẹ̀ tó ń lọ sí ground. Irú A á fún yín ní bíi 5 sí 10 kΩ, irú B á fún yín ní 25, irú B yìí ló ń mú kí ohùn fò sókè bí ẹ bá ṣẹ̀ṣẹ̀ fọwọ́ kàn án. Lẹ́yìn náà, ẹ yí i padà sí ìdá kan nínú mẹ́rin, kí ẹ wọn ti òsì àti ti ọ̀tún. Bí ọ̀kan bá jẹ́ 2.0 kΩ, tí èkejì jẹ́ 2.5, ìyàtọ̀ bíi 2 dB nìyẹn, orin á máa tẹ̀ sí apá kan nígbàkigbà tí ẹ bá rọ ohùn sílẹ̀. Resistor ní tiwọn, ẹ sáà fi mítà wọ̀n wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan, ó tán.

(Ẹ̀yin tí kíìtì 6J1, ìyẹn èyí tó ń lo fáàfù onígíláàsì dípò IC, ń wọ̀ lójú torí iná rẹ̀ rẹwà: LED tí wọ́n fi sábẹ́ sọ́kẹ́ẹ̀tì ló ń tàn bẹ́ẹ̀, kì í ṣe gíláàsì yẹn. Ohun tó ń gbóná nínú rẹ̀ gan-an kò ju pupa rẹ́súrẹ́sú lọ.)

Bí gbogbo rẹ̀ bá yege, tí ẹ ti wá jó o, ẹ má tíì fi IC sínú sọ́kẹ́ẹ̀tì. Ẹ tan iná, kí ẹ wọ̀n láti ground sí ẹsẹ̀ 8 àti sí ẹsẹ̀ 4: +15 àti −15 (tàbí +12 àti −12 bí ẹ bá lo 7812 àti 7912). Ẹ pa á, kí kapásítọ̀ tú iná rẹ̀ dànù, kí ẹ tó ki IC bọ̀ ọ́. Ẹ wá tan án padà: ẹsẹ̀ 1 àti 7 gbọ́dọ̀ wà nítòsí òdo, ìwọ̀nba mV. Bí ọ̀kan bá lẹ̀ mọ́ 13 V, ẹ wo resistor tó ń dá ohùn padà sí ẹsẹ̀ 2 tàbí 6, lẹ́ẹ̀dì rẹ̀ lè má mú. Bí IC bá ń gbóná láìsí orin, ó ń gbọ̀n ní ìgbì tí etí kò lè gbọ́. Ẹ wá 100 nF sí ẹ̀gbẹ́ ẹsẹ̀ rẹ̀ gan-an, kí ẹ sì rí i pé 47 sí 100 Ω wà lójú ọ̀nà ìjáde.

Ní ti olùtajà, ẹni tí ẹ bá bi léèrè àwòrán ètò wáyà kíìtì rẹ̀, tó ní kò sí, tàbí tó kọ ọ́ pé "àwòrán ọjà jẹ́ àpẹẹrẹ lásán", ẹ kọjá lára rẹ̀. Ẹni tó bá ní kí ẹ sanwó síta ibi tí ẹ ti ń rajà, tàbí kí ẹ tẹ̀ ẹ́ pé ẹrù ti dé kí ẹ tó tú u, kò fẹ́ kí ọwọ́ òfin ibẹ̀ tẹ òun ni. Àwọn mìíràn á fi owó díẹ̀ lọ̀ yín kí ẹ lè ti ẹjọ́ náà pa. Bí ẹ bá ti gbà á, ọ̀pọ̀ ibi ìrajà ni kì í ṣí ẹjọ́ yẹn mọ́. Òótọ́ ni pé àwọn olùtajà kan wà tí ẹni tó tà fún wọn ló kọ́kọ́ rẹ́ wọn jẹ, irú wọn sì máa ń dá owó padà wéré bí wọ́n bá rí ẹ̀rí.

Ẹ ya fídíò láti ìgbà tí ẹ bá ń já páálí, kí orúkọ orí IC hàn, kí ojú mítà náà hàn nínú fídíò kan náà láìgé e. Bí ẹ bá ń kọ̀wé sí wọn, ẹ má kọ "IC yín kò dáa". Ẹ kọ ọ́ báyìí: "Ẹ ta NE5532. Láàárín ẹsẹ̀ 2 àti 3 kò sí 0.6 V ní ọ̀nà kankan. Ó ń jẹ 3 mA lórí ±9 V. Kò tíì kan lẹ́ẹ̀dì, fídíò rèé." Kí ẹsẹ̀ IC náà wà ní mímọ́ nínú fóòmù rẹ̀ títí ọjọ́ tí ẹ lè fi dá ọjà padà á fi kọjá.