Abẹ́rẹ́ ẹ̀yìn àbí oorun: CS kejì mi ní Ìjẹ̀bú-Òde, ìràwọ̀ 4 nínú 5

Mi ò ní dárúkọ ọsibítù yìí o, torí mo ní ẹjọ́ kan tí mo fẹ́ rò nísàlẹ̀, mi ò sì fẹ́ kẹ́nikẹ́ni máa pè mí lórí fóònù. Ti àdáni ni, Ìjẹ̀bú-Òde níbí náà ni, a sì ti mú déètì sílẹ̀ tipẹ́, ọ̀sẹ̀ 39, torí CS (iṣẹ́ abẹ ìbímọ) ni mo fi bí ọmọ mi àkọ́kọ́ náà, ní ibòmíì.

Ti àkọ́kọ́ yẹn, pàjáwìrì ni, wọn ò bi mí ní nǹkan kan. Ó ti ń rẹ ọmọ nínú, wọ́n ní kí n sùn, mo sùn. Ìgbà tí mo jí, ọ̀fun ń dùn mí bí ẹni tó gbé egungun ẹja mì (rọ́bà tí wọ́n kì bọ̀ ọ́ kí n lè máa mí ni), ikùn ń ta mí bí iná, ọmọ sì ti wẹ̀, ó ti wọṣọ, ìyá ọkọ mi ti gbé e yí gbogbo wọ́ọ̀dù ká. Gbogbo ayé ló rí ọmọ mi kí n tó rí i. Mi ò bá wọn jà sá, torí tí kò bá sáyè mọ́, oorun ló yá jù.

Lọ́tẹ̀ yìí dókítà tó ń fúnni lóògùn oorun wá bá mi lálẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú, ó fà ṣíà, ó jókòó. Mo fún un ní ìràwọ̀ 2 fún ìjókòó yẹn nìkan. Ó ní epidural wà, rọ́bà tẹ́ẹ́rẹ́ tí wọ́n máa ń fi sílẹ̀ sẹ́yìn kí wọ́n lè máa fi oògùn kún un, ṣùgbọ́n ó máa ń pẹ́ díẹ̀ kó tó ràn, àwọn ò sì ń ṣe é níbí. Ó ku spinal, ìyẹn abẹ́rẹ́ ẹ̀yìn tí wọ́n ń gún lẹ́ẹ̀kan, àti oorun. Ó bi mí bóyá ẹ̀jẹ̀ mi kì í tètè dì, bóyá mò ń lo oògùn tó ń jẹ́ kẹ́jẹ̀ ṣàn, ó wo ẹ̀yìn mi bóyá egbò wà níbẹ̀, torí irú àwọn yẹn oorun ni wọ́n sábà máa ń gbà. Ó tún ní kí n la ẹnu gbàgà. Mo ní ṣebí ẹ̀yìn lẹ fẹ́ gún, ó ní tí abẹ́rẹ́ ò bá ràn ńkọ́, tó bá di oorun, tí rọ́bà máa gba ọ̀fun?

Ìyá ọkọ mi dá sí i, wọ́n ní abẹ́rẹ́ ẹ̀yìn á jẹ́ kẹ́yìn máa dùn mí títí n ó fi darúgbó. Dókítà ní 'Mọ́mì, ibi tí a gún lè dùn ún fún ọjọ́ díẹ̀, àmọ́ ẹ̀yìn ríro títí ayé, oyún àti ọmọ pípọ̀n ló ń fa ìyẹn jù.' Ó ní orí fífọ́ ni ká bẹ̀rù, ìyẹn tó máa ń le téèyàn bá dìde jókòó tó sì máa ń rọlẹ̀ téèyàn bá sùn sílẹ̀, kì í ṣe gbogbo èèyàn ló ń ṣe, abẹ́rẹ́ tín-ínrín ẹlẹ́nu bíi pẹ́ńsùlù tí wọ́n ń lò báyìí sì ti dín in kù. Ó ní dókítà ará Jámánì tó kọ́kọ́ ṣe spinal yìí, August Bier, ní kí wọ́n gún òun náà wò ní 1898, orí fọ́ ọ fún ọ̀pọ̀ ọjọ́. Mo rẹ́rìn-ín, mo ní ó dáa, ẹ gún mi.

Kò sóúnjẹ fún wákàtí 6, kò sómi fún 2. Èmi tí mo ti ní ìkọ́kọrẹ́ lọ́kàn!

Ní tíátà wọ́n ní kí n jókòó sétí bẹ́ẹ̀dì, kí n gbá pílò mọ́ra, kí n tẹ àgbọ̀n máyà, kí n wá ká ẹ̀yìn kò bíi ológbò. Ẹ gbìyànjú ẹ̀ wò pẹ̀lú irú ikùn yẹn. Abẹ́rẹ́ fúnra ẹ̀ ò le tó ti dríìpù. Ara mi kọ́kọ́ móoru láti ìdí lọ, kò pẹ́ rárá dókítà fi òwú tútù kàn mí níkùn, ó ní ṣé ó tutù, mo ní rárá, ó ní ẹ gbẹ́sẹ̀ sókè, ẹsẹ̀ ò lọ. Mò ń wò ó, ó nà gbalaja bí àpò gàrí tí wọ́n já sílẹ̀ ní ọjà Òkè-Ajé. Èébì wá gbé mi, ojú mi ṣú, mo ní 'Dókítà, mò ń lọ o', ó ní ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ yín ló já wálẹ̀, ó fún nǹkan kan sínú dríìpù, ojú mi là.

Ohun tí wọn ò sọ fún mi dáadáa ni pé wàá mọ̀ ọ́n lára. Kò dùn ẹ́ o, àmọ́ wàá mọ̀ pé wọ́n ń fà á, wọ́n ń tì í, bí ẹni ń wá kọ́kọ́rọ́ nísàlẹ̀ báàgì. Eyín mi sì ń gbá ara wọn nítorí gbígbọ̀n. Ìgbà tó ké, èmi ni mo kọ́kọ́ gbọ́ ọ, wọ́n gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀rẹ̀kẹ́ mi, ó ṣì ń rùn fún omi inú. Ìyá ọkọ mi wà níta.

Ẹjọ́ mi rèé. Spinal ò ní pẹ́ títí, bíi wákàtí mélòó kan, ara á padà, ìrora á sì bá a wọlé, gbogbo wọn ló mọ̀ ọ́n. Alẹ́ yẹn mo pe nọ́ọ̀sì lẹ́ẹ̀mẹta fún oògùn ìrora, ó ní ó wà nínú kọ́bọ́ọ̀dù, ẹni ọ̀sán ló mú kọ́kọ́rọ́ lọ ilé. Mo jókòó lórí ìrora yẹn títí ilẹ̀ fi mọ́. Ìràwọ̀ 1 ni mo yọ, ọkọ mi ní 2 ló yẹ.

Tẹ́ ẹ bá fẹ́ ṣe tiyín níbikíbi, kẹ́ ẹ tó wọ tíátà ni kẹ́ ẹ ti bi wọ́n pé ọwọ́ ta ni kọ́kọ́rọ́ máa wà lálẹ́.