Àyẹ̀wò PCV àti Àyẹ̀wò Ẹ̀jẹ̀ Ní Kíkún

Ìbéèrè kan ṣoṣo ni àyẹ̀wò PCV ń dáhùn: ìdá mélòó nínú ọgọ́rùn-ún ẹ̀jẹ̀ wa ni ó jẹ́ sẹ́ẹ̀lì pupa? Wọ́n á fa ẹ̀jẹ̀ díẹ̀ sínú ọ̀pá tín-ín-rín, ẹ̀rọ á fi í pòyì fún nǹkan bí ìṣẹ́jú 5, sẹ́ẹ̀lì pupa á sì kó jọ sí ìsàlẹ̀. Ó yára, ṣùgbọ́n bí omi bá gbẹ lára ènìyàn, PCV rẹ̀ lè ga ju bó ṣe yẹ lọ, kí àìtó ẹ̀jẹ̀ sì fara pamọ́.

Àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ ní kíkún, èyí tí wọ́n ń pè ní FBC, tún ń ka sẹ́ẹ̀lì funfun tí ń bá àrùn jà, tí iye rẹ̀ lára àgbàlagbà sábà máa ń wà láàárín 4,000 sí 11,000 nínú máíkírólítà kan, àti platelet tí ń mú ẹ̀jẹ̀ dì. Lójú tèmi, ohun tó níye lórí jù níbẹ̀ ni MCV, ìyẹn ìwọ̀n bí sẹ́ẹ̀lì pupa ṣe tóbi tó, nítorí pé ó ń tọ́ka sí ohun tó ṣeé ṣe kó fa àìtó ẹ̀jẹ̀: bí ó bá kéré, ó lè jẹ́ àìtó èròjà irin; bí ó bá tóbi, ó lè jẹ́ àìtó fítámì B12 tàbí folate. PCV nìkan kò lè fi èyí hàn. Nítorí náà, bí PCV bá lọ sílẹ̀ láìsí ìdí tó hàn gbangba, FBC ni ó yẹ kó tẹ̀ lé e.