Dátà lọ́gà oníkáàdì àti aláìníkáàdì: èwo ló yẹ sítọ̀ kòkó yín?

Dátà lọ́gà ni ẹ̀rọ tó ń ka ooru tàbí ọ̀rinrin ibì kan, tó sì ń kọ ọ́ sílẹ̀ fúnra rẹ̀. Ọmọkùnrin tó ta àkọ́kọ́ fún mi ní Àkúrẹ́ ṣí ìdérí rẹ̀, ó fi ìka kan mẹ́mórì káàdì tó wà níbẹ̀, ó ní, "Bàbá, 64GB ni mo fi sí i fún yín o." Orí mi wú. Mo ka owó fún un, mo gbé ẹ̀rọ lọ sí sítọ̀ tí mo ń kó kòkó sí lọ́nà Ìdànrè, mo sì so ó mọ́ òpó. Oṣù mẹ́ta lẹ́yìn náà tí mo yọ káàdì wò, gbogbo ohun tó kọ sílẹ̀ kò tó fọ́tò kan ṣoṣo tí fóònù ń yà.

Ẹ bá mi ṣírò ẹ̀. Ẹ̀rọ tó bá ń ka ooru àti ọ̀rinrin ní ìṣẹ́jú mẹ́wàá mẹ́wàá á kọ ìlà 144 lójúmọ́, 52,560 lọ́dún. Ìlà kan, pẹ̀lú ọjọ́ àti àkókò, kì í sábà ju nǹkan bí lẹ́tà 30 lọ. Ọdún kan gbáko kò pé 2MB. Káàdì 2GB lásán á gba àkọsílẹ̀ ẹgbẹ̀rún ọdún, bí ẹ bá fẹ́ dúró kà á. Ẹni tó bá ń fi títóbi káàdì polówó fún yín, ohun tí ẹ ò nílò ló ń tà.

Káàdì ńlá tilẹ̀ lè kó bá yín. Èyí tó ju 2GB lọ títí dé 32GB, SDHC ni wọ́n ń pè é, FAT32 (ọ̀nà tí káàdì ń gbà to fáìlì) ló sì máa ń bá wá. Èyí tó bá ti kọjá 32GB, SDXC ni, exFAT ló ń bá wá. Ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ kékeré, pàápàá èyí tí wọ́n fi Arduino (pátákó kékeré tí ènìyàn lè fi to ẹ̀rọ fúnra rẹ̀) tò, FAT16 àti FAT32 nìkan ló gbọ́. Ọmọkùnrin yẹn ti tún 64GB tirẹ̀ fọ́ọ̀màtì sí FAT32 kó tó tà á. Èyí tí èmi fúnra mi rà láti fi ṣe àpààrọ̀ ńkọ́? Iná pupa ń ṣẹ́jú sí mi látàárọ̀, ẹ̀rọ ò kọ lẹ́tà kan.

Ẹ gbé wọn síra wọn

Aláìníkáàdì kéré, ó sì dé pinpin. Inú ara rẹ̀ ni mẹ́mórì rẹ̀ wà, ojú USB lẹ ó ti ka á. Elitech RC-5 jẹ́ irú ẹ̀: ó ń gba àkọsílẹ̀ 32,000, ìyẹn bí ọjọ́ 222 tó bá ń kọ ní ìṣẹ́jú mẹ́wàá mẹ́wàá, bátìrì CR2032 bíi kọ́bọ̀ ló sì ń lò. Ẹ ó béèrè pé kí ló dé tí wọn ò fi káàdì sí i. Bátìrì yẹn ni. Nígbà tí mẹ́mórì káàdì bá ń kọ̀wé, ó lè fa iná tó 100mA lẹ́ẹ̀kan náà, bátìrì kọ́bọ̀ ò lè gbé e. Fún firiji oògùn tàbí abẹ́rẹ́ àjẹsára, tí ooru inú rẹ̀ gbọ́dọ̀ wà láàárín 2 sí 8 ní ìwọ̀n Sẹ́lísíọ̀sì, mi ò ní rà nǹkan mìíràn. Ṣùgbọ́n ooru nìkan ni RC-5 ń kà, kò mọ ọ̀rinrin, ọ̀rinrin ló sì ń ba kòkó jẹ́.

Oníkáàdì tóbi, bátìrì AA ló sábà máa ń jẹ, ó sì ní ihò tí eruku ọyẹ́ àti èèrà ń gbà wọlé (mo ti rí ìtẹ́ èèrà nínú ọ̀kan). Àǹfààní rẹ̀ ni pé n kò ní láti tú ẹ̀rọ kúrò lára òpó. Mo fa káàdì yọ, mo ki òmíràn bọ̀ ọ́, mo fi ti àkọ́kọ́ sápò wá sílé ní Àkúrẹ́. Ẹni tí sítọ̀ rẹ̀ bá jìnnà á mọ iye ìyẹn.

Ṣùgbọ́n ẹ béèrè bó ṣe ń kọ̀wé. Ìdìpọ̀ lẹ́tà 512 ni káàdì ń gbà lẹ́ẹ̀kan. Àwọn ẹ̀rọ kan ń kó ìlà jọ títí yóò fi kún kí wọ́n tó kọ ọ́, ìyẹn ìlà bíi mẹ́tàdínlógún, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó wákàtí mẹ́ta. Bí bátìrì bá kú láàárín, wákàtí mẹ́ta yẹn ti lọ. Èyí tó ń kọ ìlà kọ̀ọ̀kan lójú ẹsẹ̀ ń jẹ bátìrì jù, òun ni mo sì fara mọ́. Ẹ má fa káàdì yọ nígbà tí iná ẹ̀rọ bá ń ṣẹ́jú, odindi fáìlì lè bà jẹ́.

Ní ti sẹ́nsọ̀, ìyẹn ohun tó ń mọ ooru àti ọ̀rinrin nínú ẹ̀rọ, mi ò ní pẹ́ níbẹ̀. DHT11 jẹ́ aláwọ̀ búlúù, ó lè fi 5% ṣìnà nípa ọ̀rinrin. Bí ọ̀rinrin sítọ̀ bá ń kọjá 70% ni kòkó ń bẹ̀rẹ̀ sí í bu, DHT11 ò sì lè fi 68 hàn yàtọ̀ sí 72. DHT22 funfun sàn jù ú, SHT31 sàn jù méjèèjì.

Aago ló kó ìpọ́njú bá mi jù. Ìgbà kan mo ka àkọsílẹ̀ dé àárín, mo rí i pé ọjọ́ ti padà sí 1 oṣù kìíní 2000. Bátìrì kékeré tó ń mú aago dúró ti kú, bátìrì ńlá sì ti yẹ̀ kúrò nípò, aago bá tún bẹ̀rẹ̀ láti òdo. Ìgbóná tó bá kọ ń bẹ níbẹ̀, kò sẹ́ni tó mọ ọjọ́ tó ṣẹlẹ̀. Ẹ wá aago tí wọ́n ń pè ní DS3231 nínú ẹ̀rọ tí ẹ máa rà. Ó ń fi ooru agbègbè tún ara rẹ̀ ṣe, àṣìṣe rẹ̀ kì í sábà ju bí ìṣẹ́jú kan lọ lọ́dún. DS1307 ò ní irú àtúnṣe bẹ́ẹ̀, ooru abẹ́ páànù ló ń darí rẹ̀.

Káàdì ayédèrú pọ̀ lọ́jà. Kí ẹ tó gbé e síbi iṣẹ́, ẹ fi H2testw, ètò kọ̀ǹpútà tó ń dán káàdì wò, kún un lórí Windows, tàbí F3 lórí Linux, yóò kọ káàdì kún, yóò sì kà á padà. Òǹtẹ̀ ara rẹ̀ lè sọ 32GB, kí inú rẹ̀ má tó mẹ́rin.

Tí ẹ bá dé ṣọ́ọ̀bù, ẹ ní kí wọ́n tan ẹ̀rọ, kí wọ́n tún ọjọ́ rẹ̀ ṣe, kí wọ́n wá yọ bátìrì ńlá. Ẹ ka oókan dé ọgọ́ta. Kí wọ́n dá a padà. Bí ọjọ́ bá ti di 2000, ẹ dá owó yín sápò.