Actors' Equity: ṣé owó ẹgbẹ́ náà tó iṣẹ́ tí wọ́n ń ṣe?

Òṣèré tó bá fẹ́ fi ìtàgé Broadway, àwọn gbọ̀ngàn eré ńláńlá ní New York, jẹun kò lè ṣe kó má mọ Actors' Equity, ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ àwọn òṣèré orí ìtàgé ní Amẹ́ríkà tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1913. Iṣẹ́ wọn tó wù mí jù ni pé wọ́n ń rí sí iye owó tó kéré jù tí agbátẹrù eré gbọ́dọ̀ san fún òṣèré. Ọ̀sẹ̀ọ̀sẹ̀ ni wọ́n ń san án, eré 8 ló sì sábà máa ń wà lọ́sẹ̀ kan. Agbátẹrù tún gbọ́dọ̀ fi owó ìdúró sílẹ̀ ṣáájú, kí owó òṣèré má bàa wọgbó bí eré bá dáwọ́ dúró lójijì. Èyí nìkan ti tó owó ọmọ ẹgbẹ́.

Ẹni tó kọ́ ipa ẹlòmíì mọ́ tirẹ̀ ń gba àlékún. Kó rí i pé ó wà nínú ìwé àdéhùn o!

Àmọ́ ẹgbẹ́ kì í bá èèyàn wá iṣẹ́. Aṣojú ló ń ṣe ìyẹn. Ká ní owó ọ̀sẹ̀ jẹ́ $3,000, tí aṣojú sì ń gba 10%, $300 ti lọ nìyẹn, owó orí àti owó ẹgbẹ́ kò tíì wọ̀ ọ́. Bí eré bá sì kásẹ̀ ńlẹ̀ lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, owó ti tán.