Coulon ní Marais Poitevin: bàbá atukọ̀ ṣeun, ọ̀gá ilé oúnjẹ kò ṣeun

"Bouilliture d'anguilles, ẹni méjì." Ohun tí wọ́n kọ sí bíìlì wa nìyẹn, ọbẹ̀ ẹja ni, bẹ́ẹ̀ ẹja kankan ò dé orí tábìlì wa.

Màmá mi ni mo mú lọ sí Coulon, ní Marais Poitevin, ilẹ̀ olómi kan ní ìwọ̀-oòrùn Faransé. Ètò kan náà ni, oúnjẹ ọ̀sán àti ọkọ̀ lórí omi, èèyàn á sanwó lẹ́yìn oúnjẹ. Anguille, ẹja gígùn tí wọ́n ń fi wáìnì pupa sè níbẹ̀, ló gbé wa débẹ̀. Bí a ṣe jókòó, agbáwo ní ó ti tán. Ìyẹn ò bí mi nínú, torí ẹja náà ti ṣọ̀wọ́n gan-an káàkiri Yúróòpù. Ó ní òun á fi ẹran ẹlẹ́dẹ̀ oníyọ̀ àti mogettes rọ́pò ẹ̀, a gbà.

Ká sọ tòótọ́, mogettes yẹn dára. Ẹ̀wà funfun ni, ó rọ̀ dénú, èèpo rẹ̀ ò sì bó. Màmá mi, tí wọn kì í yin oúnjẹ ìta, fi búrẹ́dì nu àwo wọn mọ́ tónítóní.

Àfi ìgbà tí bíìlì dé. Mo pe agbáwo, agbáwo pe ọ̀gá. Ọ̀gá ò kúrò lẹ́yìn káńtà, ibẹ̀ ló ti ń pariwo pé iye ètò kì í yí padà. Mo ní owó ẹran ẹlẹ́dẹ̀ wà lára pátákó wọn níta, kò tó ti ẹja. Kò dáhùn. Ó fi àgbọ̀n júwe Màmá mi, ó ní kí obìnrin yẹn tètè mu kọfí rẹ̀, àwọn èèyàn ń dúró. Ìyá tó lè bí i! Nígbà tí mo ní n ò ní dìde, ó mú bírò, ó fa ìlà lé anguille, ó kọ jambon, ìyẹn ẹran ẹlẹ́dẹ̀, sókè rẹ̀. Owó ọ̀hún wà níbẹ̀ bó ṣe wà, kò yọ kọ́bọ̀.

Pẹ̀lú ìbínú la fi dé ìdí ọkọ̀. Bàbá atukọ̀ rí ojú wa, kò bi wá ní nǹkan kan. Ó na ọwọ́ sí Màmá mi, ó fi ẹsẹ̀ tẹ etí ọkọ̀ mọ́lẹ̀ títí wọ́n fi jókòó dáadáa. Ọ̀pá gígùn tí wọ́n ń pè ní pigouille ló fi ń ti ọkọ̀, kò sí ẹ́ńjìnnì, kò sí ariwo. Ewé kéékèèké bo ojú omi. Ó fi igi frêne tí wọ́n ń gé lórí hàn wá, gbòǹgbò wọn ló ń di bèbè mú kó má ya. Ó ní àbàtà ni gbogbo ibẹ̀ tẹ́lẹ̀, àwọn mọ́ńkì, àwọn ọkùnrin ẹlẹ́sìn Kátólíìkì tó ń gbé pọ̀ nílé ìsìn, ló ń gbẹ́ ọ̀nà fún omi. Lọ́dún 1217, ilé mọ́ńkì márùn-ún pawọ́ pọ̀ gbẹ́ ọ̀kan.

Ó ṣàdédé dúró, ó ki ọ̀pá bọ ẹrẹ̀, ó rò ó. Omi bẹ̀rẹ̀ sí í hó. Ó ṣáná sí i, iná sì sọ lójú omi! Màmá mi figbe ta: "Yéè! Olúwa ò!" Ewé tó jẹrà sábẹ́ ẹrẹ̀ ló ń di gáàsì. Nígbà tó rí i pé wọ́n ti ń rẹ́rìn-ín, ó tún un ṣe, ó sì fún wọn ní ọ̀pá kí wọ́n fọwọ́ ara wọn rò ó.

Ilé-iṣẹ́ kan náà ló gba bàbá yìí àti ọ̀gá yẹn síṣẹ́. Owó ẹja mi ṣì wà lọ́wọ́ wọn, n ò sì gbàgbé. Ìràwọ̀ 4 nínú 5. Ẹ wọ ọkọ̀ wọn, kí ẹ lọ jẹun níbòmíràn. Bí ẹ bá rí tourteau fromager, kéèkì oníwàràkàṣì, ládùúgbò, ẹ rà á: orí rẹ̀ á jó dúdú, bí wọ́n ṣe ń ṣe é nìyẹn, inú rẹ̀ á funfun, á rọ̀.