Ọ̀rá tí ń fún aṣọ òtútù pọ̀: àyè ló ń dín kù, kì í ṣe ìwọ̀n

Ẹni tó bá ń ti Èkó lọ Kánádà tàbí Manchester nínú oṣù Kìíní mọ̀ pé kóòtù kan ṣoṣo lè gba ìdajì àpótí. Ìdí nìyẹn tí ọ̀rá tí à ń fún atẹ́gùn inú rẹ̀ jáde fi ń tà. Ó wúlò lóòótọ́. Ṣùgbọ́n kóòtù tó wọn kílò 2 kó tó wọnú ọ̀rá, kílò 2 náà ni yóò wọ̀n ní pápákọ̀ òfurufú. Àyè tó ṣófo ló ń tan èèyàn: wọ́n á tún ki nǹkan sí i, wọ́n á sì kọjá kílò 23 tí ọ̀pọ̀ ọkọ̀ òfurufú ń gbà fún àpótí kan. Ẹ wọn àpótí nílé.

Oríṣi méjì ló wà. Pọ́ọ̀ǹpù la fi ń fa ti àkọ́kọ́. Kíká la ń ká èkejì bí ẹní, atẹ́gùn á gba ìsàlẹ̀ rẹ̀ jáde, kò sì ní lè padà wọlé. Onípọ́ọ̀ǹpù ń fún aṣọ pọ̀ jù ú lọ, ilé ló sì dáa fún. Fún ìrìnàjò, oníkíká ni kí ẹ rà. Bí òṣìṣẹ́ pápákọ̀ bá ní kí ẹ ṣí onípọ́ọ̀ǹpù, kóòtù á wú padà lójú ẹsẹ̀, àpótí ò sì ní pa dé mọ́. Oníkíká ò béèrè ju ọwọ́ àti orúnkún yín lọ.

Ẹ tẹ́ aṣọ pẹrẹsẹ sínú rẹ̀, kí ẹ fi bí ìbú àtẹ́lẹwọ́ kan sílẹ̀ lábẹ́ síìpù. Ẹ fi ìka tẹ síìpù náà láti ìpẹ̀kun kan dé èkejì, kí ẹ tún un tẹ̀, kí ẹ tó máa ká a lọ sísàlẹ̀. Bó bá tún wú lẹ́yìn wákàtí kan, ibi síìpù ni kí ẹ wò: fọ́nrán òwú kan ṣoṣo tó há síbẹ̀ ti tó. Síìpù irin ara kóòtù náà lè lu ọ̀rá, ẹ yí i sínú.

Kóòtù oníyẹ̀ẹ́ pẹ́pẹ́yẹ àti súwẹ́tà nípọn-nípọn ló ń jẹ èrè ọ̀rá yìí. Jíǹsì ò ní atẹ́gùn tó pọ̀ tí wọ́n á fún jáde, aṣọ awọ sì máa ń hunjọ. Aṣọ tí kò gbẹ dáadáa á máa rùn. Ní ti oníyẹ̀ẹ́, atẹ́gùn tó wà láàárín ìyẹ́ ló ń mú ara móoru, nítorí náà kó má ṣe pẹ́ nínú ọ̀rá. Bí ẹ bá ti dé, ẹ gbọ̀n ọ́n, kí ẹ fi kọ́ di ọjọ́ kejì.

Ẹ má kó gbogbo kóòtù sínú àpótí o. Èyí tó nípọn jù, ẹ gbé e lọ́wọ́ wọ ọkọ̀, kí búùtù sì wà lẹ́sẹ̀ yín, torí àpótí lè pẹ́ dé ju yín lọ.